Lẹ́búlẹ́bú Orí Omi Aró

Sátidé, 5 Jánúárì 1980

Epo pẹtiróòlù gálọ́ọ̀nù méjìlá, kọ́bọ̀ ọgọ́rin ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦9.60
Ọ́ìlì agolo méjì: ₦3.60
Púlọ́ọ̀gì kan: ₦1.50
Okùn tuntun: ₦4.00
Kábáàdì lọ́wọ́ Tàjùdéèn wẹ́dà ní Ajah: ₦2.00
Àpapọ̀: ₦20.70
Nínú ₦152.00 tí mo ń tọ́jú láti fi ra ẹńjìnnì, ó ku ₦131.30.

Nùsírátù ọmọ mi dé láti yunifásítì pẹ̀lú àpótí ìgò, abẹ́rẹ́ tí kò ní ẹni tí yóò gún, àti àwọ̀n funfun kan tó rí bí fìlà gígùn. Ó yá àwọ̀n náà lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ó ní owó rẹ̀ ju owó ọkọ̀ mi lọ. Mo ní kó gbé e jìnnà sí ọkọ̀ mi, kó má baà máa fojú di í.

Àdéhùn wa nìyí: mo máa gbé e lọ sí omi aró, níbi tí omi aláwọ̀ ewé ti parí tí òkun ti dúdú bí ìkòkò aláró, lẹ́ẹ̀mẹrin kí oṣù Máàṣì tó parí. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù náà ni Dókítà Odùkọ̀yà, olùkọ́ rẹ̀, máa gba iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ yunifásítì tó yẹ kó gbé wọn ti wà lórí ilẹ̀ láti ọdún ìjẹta. Bí iṣẹ́ kò bá pé ẹ̀ẹ̀mẹrin, owó ìrànwọ́ ìjọba tí wọ́n ń san fún un parí nìyẹn, yóò padà wá bá ìyá rẹ̀ yan ẹja. Kò sí ohun tó burú nínú ẹja yíyan, òun la fi tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ọmọ náà fẹ́ nìyẹn.

Àtàláátà, 8 Jánúárì

Ọyẹ́ mú gan-an. A kò rí igi àgbọn ẹ̀yìn ilé, ká má tíì sọ òkun. Ètè gbogbo wa ya. Àdí àgbọn ìgò kan ti di kọ́bọ̀ mẹ́rìndínlógójì.

Mọ́rúfù, àbúrò ìyàwó mi tó ń bá mi tukọ̀, ń dí ojú ibi tí ọkọ̀ ti ń jò. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé lóòótọ́ la fẹ́ lọ bu omi? Omi tó wà létí ibí ńkọ́?"

"Kì í ṣe omi ni. Ohun tó wà lórí omi ni."

"Kí ló wà lórí omi?"

N kò mọ̀ ọ́n. Mo ní kó lọ bi dókítà rẹ̀. Láti ọjọ́ tí Nùsírá ti wọ yunifásítì ló ti ń pè é ní dókítà, ó sì máa ń na ọwọ́ sí i pé kó wo ọmọ-ìka òun.

Àlàmísì, 10 Jánúárì

A kírun Àsúbà tán, a ti ọkọ̀ sómi. Òkun rọ̀ pẹ̀sẹ̀. A lọ títí a kò rí ilẹ̀ mọ́. Omi ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di aró. Láti ìgbà tí mo ti ṣe tán ní Sítáńdáàdì Mẹ́fà ni mo ti ń lọ sókun, síbẹ̀ tí mo bá dé ibẹ̀ mo máa ń dín iná ẹńjìnnì kù kí n lè wò ó.

Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí mú la rí i. Ó nà gbọọrọ lójú omi bí ọ̀nà, àwọ̀ rẹ̀ bí gàárì tó jóná díẹ̀.

"Ẹ wo iṣẹ́ àwọn onípákó Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta!" ni Mọ́rúfù wí. "Wọ́n da lẹ́búlẹ́bú pákó kún ojú ọ̀sà, kò tó wọn. Ó ti dé òkun."

Bí èmi náà ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn láti kékeré. Mo máa ń yà fún un kó má baà lẹ̀ mọ́ àwọ̀n mi. Nùsírá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú.

"Bọ̀ọ̀dá Mọ́rúfù, ó wà láàyè."

"Kí ló wà láàyè? Pákó?"

Ó fi ife bu ú, ó gbé e sí wa lójú. Lóòótọ́ kì í ṣe pákó. Ìdì irun tín-ín-rín ni, bí ẹni gé irun ìpéǹpéjú tó sì dì í ní ṣùṣù. Ó ní orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn olùkọ́ òun gùn ju ọkọ̀ wa lọ. A ń pè é ní lẹ́búlẹ́bú títí a fi délé, òun náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ rèé. Ó da omi sí kábáàdì Tàjùdéèn, òkúta tí àwọn wẹ́dà fi ń ṣe gáàsì iná, nínú ìgò kan, ó hó, ó sì ń rùn bí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà. Mo gbé gálọ́ọ̀nù epo lọ sí iwájú ọkọ̀ kíákíá. Mọ́rúfù tó ti fi sìgá sẹ́nu yọ ọ́, ó fi sẹ́yìn etí. Nùsírá fi abẹ́rẹ́ fa gáàsì náà, ó gún un sínú àwọn ìgò tí lẹ́búlẹ́bú wà, ó so wọ́n mọ́ okùn tuntun mi, ó sọ wọ́n sómi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ó ní bí lẹ́búlẹ́bú bá ń ṣiṣẹ́, yóò yí gáàsì náà padà sí òmíràn, òun á fa díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú àwọn ìgò kékeré, ẹ̀rọ kan ní yunifásítì yóò sì sọ iye tó yí padà.

Bí a ti ń dúró, mo bi í pé kí ni nǹkan yìí ń ṣe tí ìjọba fi ń náwó lé e lórí.

"Bàámi, ọdún tí ẹ gbin ẹ̀wà sí iyanrìn ẹ̀yìn ilé, báwo ni ẹ̀gẹ́ ọdún kejì ṣe rí?"

"Ó ta dáadáa."

"Ta ló da ajílẹ̀ sí i?"

"Kò sẹ́ni tó da nǹkan sí i. Ẹ̀wà ló ṣe é."

"Àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tó wà ní gbòǹgbò ẹ̀wà ni. Inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti ń mú un. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún iyanrìn yín ni èyí ń ṣe fún òkun."

Ó ní omi aró tó mọ́ gaara yìí, ebi ló ń pa á. Odò kò gbé ọ̀rá ilẹ̀ dé ibẹ̀, ohun tó bá sì kú níbẹ̀ a rì lọ sí ìsàlẹ̀ tí oòrùn kò dé. Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí à ń mí, bí a bá pín in sí márùn-ún, nǹkan bíi mẹ́rin nínú rẹ̀ ni ohun tí ewéko ń wá, ṣùgbọ́n wọn kò lè jẹ ẹ́ bó ṣe wà. Wọ́n dà bí ẹni tí ebi ń pa tó jókòó ti àká tí wọ́n tì pa.

"Lẹ́búlẹ́bú yìí ló ní kọ́kọ́rọ́, Bàámi. Yóò ṣí i, yóò jẹ tirẹ̀, yóò sì jò sílẹ̀ fún àwọn yòókù. Ewé tín-tìn-tín inú omi á jẹ, kòkòrò omi á jẹ ewé, ẹja kékeré á jẹ kòkòrò, kútà á wá gbé ẹja kékeré mì."

Kútà gbé ìwọ̀ Mọ́rúfù mì bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. A pa méjì. Mo tà wọ́n ní ₦6.40, mo fún Mọ́rúfù ní ₦3.00 owó iṣẹ́ rẹ̀. Ó wà lọ́wọ́: ₦134.70.

Jímọ̀, 11 Jánúárì

Nùsírá sọ ọ̀rọ̀ àká àti kọ́kọ́rọ́ fún ìyá rẹ̀ nídìí ààrò ẹja. Sìmbíátù ìyàwó mi tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ó ń yí ẹja padà.

"Ìyẹn ni pé kútà yìí, nínú afẹ́fẹ́ ló ti wá?"

"Ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀, Màámi."

"Afẹ́fẹ́ ni mo wá ń yan láti ọjọ́ yìí wá? Ó dáa. Máà sọ fún àwọn oníbàárà mi."

Àtìní, 21 Jánúárì

Ọ̀rọ̀ dé láti yunifásítì: ẹ̀rọ ka gáàsì, ó pé. Ẹ̀ẹ̀kan wọlé. Ó ku ẹ̀ẹ̀mẹta.

Àlàmísì, 24 Jánúárì

N kò rí irú rẹ̀ rí. Lẹ́búlẹ́bú bo omi láti ibí dé ibi tí ojú mọ. Eruku ọyẹ́ pọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ó sì dà bíi pé bí ọyẹ́ bá ti mú ni ó ń pọ̀. Mo bi Nùsírá. Ó ní ó lè jẹ́ eruku náà, ó lè jẹ́ pé òkun rọ̀ ni, òun kò tíì mọ̀, Dókítà Odùkọ̀yà náà kò tíì mọ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Inú mi dùn pé ó kọ ọ́ sílẹ̀.

A dé ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn ti pa ọmọ náà. Orí ń fọ́ ọ. Ó gbé korobá àti àwọn ìgò sábẹ́ ìbòji, ó ní òun á ka ìdì tó wà nínú wọn lọ́la.

Epo, ọ́ìlì àti Mọ́rúfù: ₦14.40. Ẹja: ₦2.10. Ó kù: ₦122.40.

Jímọ̀, 25 Jánúárì

Mo dé láti Jímọ̀ ní Ajah, mo bá ìgò mẹ́wàá lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń dán yanranyanran. Omi inú wọn mọ́ bí omi òjò. Ìyàwó mi dúró tì wọ́n, ó ń fi ìgbálẹ̀ lé eṣinṣin.

"Nùsírá, jí wá wo omi rẹ," ló wí. "Èérí ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣé omi báyẹn lo fẹ́ gbé lọ síwájú àwọn ọ̀gá rẹ? Wọ́n á ní ìyá rẹ kò mọ́ra."

Asẹ́ ògì rẹ̀ wà lórí okùn, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti sá a.

Nùsírá jáde. Ó wo ìgò. Ó wo asẹ́. Ó wo korobá tó ṣófo.

"Màámi, ibo lẹ da èérí náà sí?"

"Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀."

Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí iyanrìn. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde, nígbà tí ẹ̀rín tán, omijé kò tán. Mo bi í bóyá gáàsì inú ìgò kékeré ṣì wà.

"Ó wà, Bàámi. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ìdì mélòó ló ṣiṣẹ́ rẹ̀."

Ìyẹn yé mi kíákíá. Èrè wà nílẹ̀, a kò mọ iye ẹni tó kó o wá, a kò lè mọ èyí tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìrìnàjò náà ti ṣòfò. Ó ṣì ku ẹ̀ẹ̀mẹta.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yé Sìmbíátù, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó kàn ń gbá ibi tó ti gbá. Nùsírá lọ jókòó tì í.

"Màámi, ẹ̀bi mi ni. Mi ò sọ fún yín."

"O sọ pé omi lo lọ bù."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Omi kì í ní èérí nínú ilé mi."

"Mo mọ̀, Màámi. Gbogbo Ajah ló mọ̀."

Ìyẹn ló mú un rẹ́rìn-ín.

Àlàádì, 27 Jánúárì

Sìmbíátù ra aṣọ asẹ́ yàádì méjì, kọ́bọ̀ àádọ́rin ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ká irin sí ẹnu rẹ̀, ó rán an bí àwọ̀n funfun yẹn gẹ́lẹ́, ó sì lọ gbé e sórí àpótí Nùsírá. Owó ara rẹ̀ ló fi rà á, n kò kọ ọ́ mọ́ tèmi.

Sátidé, 16 Fẹ́búárì

Ó ti pẹ́ tí mo ti kọ nǹkan sínú ìwé yìí.

Àlàmísì la lọ. Iṣẹ́ parí dáadáa. Nùsírá fa àwọ̀n méjèèjì nínú lẹ́búlẹ́bú kan náà, ó ní bí àwọ̀n òyìnbó bá kó mẹ́wàá, ti ìyá òun ń kó mẹ́jọ. Mọ́rúfù ní tí wọ́n bá sì fẹ́ mu ògì, ti òyìnbó ò wúlò.

Nígbà tí à ń bọ̀, ẹńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Omi wà nínú epo tí mo rà. Nítorí kọ́bọ̀ márùn-ún tí ó fi dín lórí gálọ́ọ̀nù ni mo ṣe rà á lọ́wọ́ ẹni tí n kò mọ̀. Mọ́rúfù fa okùn ẹńjìnnì títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Ọyẹ́ bo gbogbo ibi, a kò mọ ibi tí ilẹ̀ wà, ìṣàn omi sì ń gbé wa lọ sí ìhà Lẹ́kkí. A ta tapólì sórí àjẹ̀ méjì, ó gba atẹ́gùn díẹ̀.

Omi bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Mo kígbe mọ́ Nùsírá pé kó fi ìgò sílẹ̀ kó máa gbọ́n omi. Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó di àwọn ìgò gáàsì àti ti lẹ́búlẹ́bú sínú rẹ̀, ó pọ̀n wọ́n bí ọmọ, ó wá ń gbọ́n omi.

"Bàámi, ẹ má kígbe. Mo ń gbọ́n ọn."

Ẹ̀rù bà mí. N kò sọ fún wọn. Ọmọ kan ṣoṣo la bí tó yè, èmi ni mo sì gbé e wá síbẹ̀ nítorí irun ojú omi.

A gbọ́ ìró ìgbì létí ilẹ̀ kí a tó rí ilẹ̀. Àwọn ará Lẹ́kkí fà wá gòkè, wọ́n fún wa ní gàárì àti ẹja. Mo fún wọn ní kútà tí a pa, wọn kò fẹ́ gbà á. Ní Jímọ̀, ọ̀kan nínú wọn fi ọkọ̀ rẹ̀ fà wá wálé, ₦12.00.

Sìmbíátù wà létí omi. Àwọn obìnrin sọ pé ibẹ̀ ló wà láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àlàmísì. Ó fi ọwọ́ tọ́ka sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka ẹja. Ó kọjá lára mi. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ìgò ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Màámi."

"Èérí inú wọn ńkọ́?"

"Ó wà."

"Mi ò fọwọ́ kàn án o. Gbogbo ayé ẹ gbọ́."

Ó wá di ọmọ náà mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì wọlé. Ó ku ẹ̀ẹ̀mejì.

Epo, ọ́ìlì, Mọ́rúfù, àdí fún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ àti ọkọ̀ tó fà wá: ₦26.40. Ó kù: ₦96.00.

Àlàrúbá, 20 Fẹ́búárì

Mẹkáníìkì tú ẹńjìnnì palẹ̀. Rínǹgì tuntun, fífọ̀, àti iṣẹ́ ọwọ́: ₦61.50. Mo ní kó gba àádọ́ta. Ó ní kí n gbé e lọ fún ẹni tó ta epo olómi fún mi, bóyá ìyẹn á gba àádọ́ta. Mo san án. Ó kù: ₦34.50. Ẹńjìnnì tí mo fẹ́ rà, àwòrán rẹ̀ nìkan ló ṣì wà lára ògiri.

Àlàmísì, 6 Máàṣì

A lọ, a bọ̀, ohun gbogbo dára. Lẹ́búlẹ́bú ti ń fọ́nká, ó ṣì tó. Ẹ̀ẹ̀mẹta wọlé. A ná ₦14.40, a ta ẹja ₦4.30. Ó kù: ₦24.40.

Sátidé, 15 Máàṣì

Òjò àkọ́rọ̀ tètè dé, ìjì ló kọ́kọ́ wá. Ó ṣí páànù mẹ́ta lórí ilé. Páànù, ìṣó àti kápẹ́ńtà: ₦20.80. Ó kù: ₦3.60.

Ẹlẹgbẹ́ Nùsírá ránṣẹ́ wá gba àwọ̀n rẹ̀. Òkun ń bú láti àná.

Àlàmísì, 20 Máàṣì

Mo sọ fún Nùsírá pé n kò ní owó epo. Ó mi orí, ó ní kò burú, ẹ̀ẹ̀mẹta náà kì í ṣe nǹkan kékeré. Ó ń dì àwọn ìgò rẹ̀ sínú páálí, ó ń fi ìwé ìròyìn sí àárín wọn. Ó rọra ń ṣe é. Ara rẹ̀ balẹ̀ jù, ìyẹn ló dùn mí jù. Kí ló lè balẹ̀ lára ẹni ọdún mẹ́tàlélógún?

Sìmbíátù gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìdí ààrò. Ó wọlé, ó jáde, ó fi owó lé mi lọ́wọ́. Àjọ àwọn ẹlẹ́ja kàn án lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Kí lèyí, Ìyá Nùsírá?"

"Ṣé o ò mọ owó mọ́ ni? Ra epo. Kó o sì rà á níbi tó ti wọ́n."

"Owó ìyókù ńkọ́?"

"Fi san ti ẹni tó máa tàìpù ìwé rẹ̀. Mo ń kọ ọ́ sí ọ lọ́rùn, má wulẹ̀ wojú mi báyẹn."

Sátidé, 22 Máàṣì

Epo gálọ́ọ̀nù mẹ́rìndínlógún: ₦12.80. Ọ́ìlì: ₦1.80. Púlọ́ọ̀gì méjì: ₦3.00. Kábáàdì: ₦2.00. Mọ́rúfù: ₦3.00. Àpapọ̀: ₦22.60, láti inú owó Sìmbíátù.

Ìgbì gbé wa sókè, ó gbé wa sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ títí a fi dé omi aró. Omi aró nìkan ló wà níbẹ̀. A lọ sí apá ọ̀tún, kò sí. A lọ sí apá òsì, kò sí. A jó epo gálọ́ọ̀nù mẹ́ta lórí wíwá a kiri, kò sí ìdì kan ṣoṣo. Owó àjọ obìnrin náà ni mo ń wò bó ṣe ń di èéfín.

Mo ní ká padà sílé.

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹńjìnnì. Mo fẹ́ ju àwọ̀n."

"Kí lo fẹ́ kó? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Ohun tí mo fẹ́ kó nìyẹn."

Mọ́rúfù wò ó bóyá oòrùn ti pa á. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Dókítà, fetí sílẹ̀. Kọ ọ́ pé o rí díẹ̀. Bí ọgbọ̀n, bí ogójì. Ta ló máa gun omi dé ibí wá ka á?"

"Bọ̀ọ̀dá mi, tí mo bá kọ irọ́, àwọn mẹ́ta tí mo ti kọ ńkọ́? Àwọn náà á di irọ́."

Ó yíjú sí mi. "Bàámi, ọjọ́ tí ẹ bá lọ sókun tí ẹ kò pa ẹja, kí lẹ máa ń kọ sínú ìwé yín?"

"N kì í kọ nǹkan kan. Ọjọ́ tí kò sí, mo máa ń fò ó ni."

"Ìyẹn ni pé bí ẹnikẹ́ni bá ka ìwé yín, yóò rò pé kò sí ọjọ́ tí ẹ kì í pa ẹja."

Mọ́rúfù bú sẹ́rìn-ín. "Ó mú yín, Bọ̀ọ̀dá! Lọ́dún tó kọjá, a lọ ní ọjọ́ mọ́kànlá láìrí ẹyọ ṣáwá kan. Kò sí nínú ìwé!"

Mo pa ẹńjìnnì.

Ó fa àwọ̀n ìyá rẹ̀ bó ṣe fa àwọ̀n òyìnbó láwọn ọjọ́ yòókù, ibi tó dé ló dé, kò dín. Ó bu omi lásán sínú ìgò, ó gún gáàsì sí i, ó so ó mọ́ okùn. Wákàtí mẹ́ta la fi jókòó nínú ìgbì ká lè tọ́jú omi lásán. Mọ́rúfù bì lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni mo di okùn mú. Nígbà tí ó ṣe tán, ó wo inú àwọ̀n, ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ó kọ òdo kan róbótó sínú ìwé rẹ̀, ó sì fi ìlà sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó pa ẹja ńlá.

A kò pa ẹja. Mo kọ ọ́: Sátidé, 22 Máàṣì, kò sí.

Jímọ̀, 28 Máàṣì

Ó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ogójì ojú ìwé, kọ́bọ̀ ogójì lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, ₦16.00 fún ẹni tó tàìpù rẹ̀. Ó ní Dókítà Odùkọ̀yà ṣí i dé ojú ìwé òdo, ó dúró níbẹ̀, kò sọ nǹkan kan, ó ní kó máa lọ ná.

Sìmbíátù ní kí ló dé tí ọkùnrin náà kò sọ nǹkan kan. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní ṣé òdo náà kò mọ́ tó ni.

Àtìní, 31 Máàṣì

Kò sí ọ̀rọ̀ láti yunifásítì. A kò pa ẹja.

Àtàláátà, 1 Épírì

Kò sí ọ̀rọ̀. Ṣáwá agbọ̀n ìdajì, ₦3.20.

Àlàmísì, 3 Épírì

Kò sí ọ̀rọ̀. Mọ́rúfù béèrè lẹ́ẹ̀mẹta lónìí. Ó ní òun kàn ń béèrè ni.

Àlàrúbá, 9 Épírì

Nùsírá dé fúnra rẹ̀. A rí i láti òkèèrè lójú ọ̀nà iyanrìn, ó ń sáré pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ti mọ̀ láti ibẹ̀, ó ti ń pariwo "Alhamdulillah" kí ọmọ tó sọ̀rọ̀.

Wọ́n gbà á. Ẹ̀ẹ̀mẹrin pé. Dókítà Odùkọ̀yà sọ fún un pé bí kò bá sí ọjọ́ òdo yẹn, ẹnikẹ́ni lè sọ pé ojoojúmọ́ ni lẹ́búlẹ́bú máa ń wà lókun, tàbí pé ìgò rẹ̀ ló dọ̀tí. Gáàsì ọjọ́ náà kò yí padà rárá. Ọjọ́ mẹ́ta tí lẹ́búlẹ́bú wà, ó yí padà. Òun nìkan ló ń bọ́ òkun níbẹ̀, bí ó bá sì ti lọ, ebi padà dé. Wọ́n máa san owó ìrànwọ́ rẹ̀ fún ọdún kan sí i.

"Ọdún kan láti ṣe kí ni?" ni mo bi í.

Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo Mọ́rúfù, ó wá wò mí.

"Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti Nòfẹ́ḿbà títí di Mèé, Bàámi. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì."

Mọ́rúfù jókòó lórí ẹnu ọkọ̀, ó fi ọwọ́ bo orí. Mo ti ṣírò rẹ̀ kí ó tó parí ọ̀rọ̀: ìrìnàjò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ₦14.40 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦216.00, láìka ohun tó bá bàjẹ́. N kò sọ ọ́ jáde. Ojú ọmọ náà ń tàn.

Nígbà tí ó wọlé lọ sùn, mo yọ náírà mẹ́wàá nínú owó ṣáwá ọ̀sẹ̀ yìí, mo fi lé Sìmbíátù lọ́wọ́ láti san díẹ̀ nínú ₦38.60 tó fi sanwó epo àti tàìpù. Ó kà á, ó ká a pọ̀, ó fi sínú àpò ẹ̀wù mi padà, ó sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà mi.

"Nòfẹ́ḿbà ò jìnnà. Fi í ra epo, kó má ní omi nínú."

Gbèsè tí mo jẹ Sìmbíátù: ₦38.60. N kò tíì san án.